Ohun Tí A Rí Kọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìgbéléwọ̀n Ètò

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé àti Akápò sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ní ìlú Ẹdẹ)

   

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rán wa, ẹ̀yin náà la ó jẹ́ ẹ fún. Nítorí náà ẹ̀rù yín bà wá lọ́nà méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ títí dé òpin kí ẹ tó bínú sí wa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ ó rántí pé nígbà kan àwọn elétò ìrànwọ́ obìnrin wá bá wa ní ìpàdé. Inú wa dùn, a rò pé nǹkan ti dé. A kó ìwé owó wa jáde, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn. A ní, "Ẹ wò ó, kò sí gbèsè kankan nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó yáwó ló san án." Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yìn wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Láti ìgbà tí ẹ ti ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó, kí ló ti yí padà nínú ayé wọn?"

A wo ara wa lójú. Ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ ti kọ́lé. Wọ́n ní, mélòó? Ẹnì kan ní àwọn ọmọ wa ń lọ sílé ìwé. Wọ́n ní, ṣé wọn kò lọ tẹ́lẹ̀ ni? A kò rí èsì kan gúnmọ́ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ, a kò sì rí wọn mọ́. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ pinnu pé kí àwa méjì, nítorí pé a ti kàwé díẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn la lọ, Sátidé-Sátidé. Aago márùn-ún ìdájí la ti ń dúró de mọ́tò ní Akódà. A ó gba Gbọ̀ngán, a ó gba Ìkirè, kí a tó dé kíláàsì, oorun á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ. Àwọn tó kù nínú kíláàsì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ aláàánú. Àwa méjì nìkan ni ọlọ́jà. Ojú kọ́kọ́ ń tì wá láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ béèrè bí a ṣe ń mọ gbodo tó dára. A ní a ó fọwọ́ kàn án, a ó ṣẹ́ ẹ, a ó gbọ́ bó ṣe ń dún, a ó wo inú rẹ̀ bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. A kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Olùkọ́ ní, "Ìgbéléwọ̀n nìyẹn. Ohun tí ẹ ń ṣe sí gbodo la fẹ́ kọ́ yín láti máa ṣe sí ètò." Láti ọjọ́ náà la ti fọkàn balẹ̀.

Kí ni ìgbéléwọ̀n ètò?

Ọ̀rọ̀ náà tú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: kí a gbé nǹkan lé orí ìwọ̀n. Ètò ni ohunkóhun tí ìjọba, ẹgbẹ́ tàbí àjọ bá dáwọ́ lé láti fi tún ayé àwọn ènìyàn kan ṣe. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lè jẹ́ omi ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ lóònù tiwa yìí. Ìgbéléwọ̀n ni kí a fi ẹ̀rí wádìí bóyá ó tún un ṣe lóòótọ́, fún àwọn wo, àti nítorí kí ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, láyé Aláàfin Kórì, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ń yọ àwọn tó ń ná ọjà Àpòmù lẹ́nu lójú ọ̀nà, wọ́n ń jí wọn gbé. Nítorí èyí ni Aláàfin fi rán Tìmì, akọni ọlọ́fà, wá sí Ẹdẹ. Ẹ ò rí i pé nítorí ọlọ́jà ni wọ́n ṣe fi Tìmì síbí! Ó dáa. Bí Aláàfin bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tó rán Tìmì ń yọrí, kí ni kó béèrè? Bó bá béèrè iye ọfà tí Tìmì ta, Tìmì lè ta ẹgbẹ̀rún sínú igbó. Bó bá béèrè iye ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lè pọ̀ kí wọ́n máa mu ẹmu. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé obìnrin tó ru ẹrù lọ sí Àpòmù padà délé láyọ̀ àti ẹrù rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ètò lónìí, iye ọfà ni wọ́n ń kà fún wa. "A dá ènìyàn tó tó báyìí lẹ́kọ̀ọ́, a pín ẹ̀rọ ìránṣọ tó tó báyìí." A kì í gbọ́ bóyá ẹni tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ ń ránṣọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣé kì í ṣe ohun tí ọ̀ọ́dítọ̀ ń ṣe nìyẹn? Rárá o. Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa wò, iṣẹ́ rere sì ni. Ọ̀ọ́dítọ̀ ń béèrè pé, owó dà? Ìgbéléwọ̀n ń béèrè pé, kí ni owó náà ṣe? Owó lè pé pérépéré nínú ìwé, kí ayé ẹni tó yá a máa bàjẹ́ lọ. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbéèrè mẹ́fà

Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó kan wà tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Paris, OECD ni wọ́n ń pè é. Ní 1991 ni wọ́n to ìbéèrè márùn-ún kalẹ̀ fún ìgbéléwọ̀n ètò, ní 2019 wọ́n sọ ọ́ di mẹ́fà. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń lò ó. Bí a ṣe tú u sí èdè ọjà nìyí:

Èkíní, ṣé ohun tí a nílò ni? Bí a bá ń wá omi tí wọ́n bá gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń wá.

Ìkejì, ṣé ó bá àwọn ètò mìíràn tó wà nílẹ̀ mu, àbí wọ́n ń ta ara wọn lẹ́sẹ̀?

Ìkẹta, ṣé ó ṣe ohun tó sọ pé òun ó ṣe?

Ìkẹrin, owó àti àkókò tó bá a lọ, ṣé ó tọ́ sí ohun tí a rí?

Ìkarùn-ún, kí ló yí padà nínú ayé àwọn ènìyàn, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ búburú, èyí tí a rò àti èyí tí a kò rò?

Ìkẹfà, bí àwọn tó mú un wá bá lọ, ṣé yóò dúró?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ há wọn sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ètò wá sí ọjà wa lọ́la, ẹ bi í ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí láti béèrè.

Ohun kan tún wà tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà, tí a kò tètè mọ̀. Ká ní a yá obìnrin alásọ lówó ní oṣù tó ṣáájú Iléyá, ọjà rẹ̀ sì tà wàrà-wàrà. Inú wa á dùn, a ó ní lóònù wa ló ṣe é. Ṣé lóònù ni, àbí Iléyá? Obìnrin tí kò yáwó rárá tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé tirẹ̀ kò tà? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéléwọ̀n gbọ́dọ̀ máa béèrè nígbà gbogbo pé, bí ètò yìí kò bá sí rárá, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń fi ẹni tó wà nínú ètò wé ẹni tó jọ ọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ayé ti rí

Ní 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin aláìní lówó kékeré ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Jobra, lórílẹ̀-èdè Bangladesh. Ibẹ̀ ni báńkì Grameen ti wá. Ní 2006, òun àti báńkì náà gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà. Gbogbo ayé ń sọ pé lóònù kékeré ló máa lé ìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní kí a gbé e lé ìwọ̀n ná. Ní 2015, àbájáde ìwádìí mẹ́fà jáde papọ̀, láti Índíà, Bosnia, Ẹtiópíà, Mẹ́síkò, Mòǹgólíà àti Mòrókò. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo wà lára àwọn tó ṣe ti Índíà, ní ìlú Hyderabad. Wọ́n fi àdúgbò tí lóònù dé wé àdúgbò tí kò tíì dé. Ohun tí wọ́n rí ni pé lóònù ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò, ó sì fún àwọn ènìyàn láyè láti yan ohun tí wọ́n fẹ́ fowó ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, owó tó ń wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Lóònù kò pa wọ́n, kò sì sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀.

Ẹ wo tàwọn ará Kẹ́ńyà náà. Wọ́n rò pé bí a bá fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìwé kíkà, wọn á mọ̀wé sí i. Wọ́n pín ìwé. Michael Kremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ́n. Kìkì àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní. Kí ló fà á? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kò sì lè kà á. Nígbà tó yá, wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn. Ìpajẹ ilé ìwé dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ta ni ìbá rò pé oògùn aràn á ṣe ohun tí ìwé kò ṣe? Ní 2019, Banerjee, Duflo àti Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé nítorí irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní 2006 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2012 wọ́n tún un gbé dìde ní O-MEALS. Àwọn obìnrin ló ń sè é nígbà náà, wọ́n sì máa ń ra lára èlò rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2016, náírà 70 ni wọ́n yàn fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Bí ẹnì kan bá ka iye abọ́ tí wọ́n bù, ó ti ka ọfà Tìmì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéléwọ̀n á wo inú abọ́: nígbà tí owó ẹ̀wà gbówó lórí tí náírà 70 kò kúrò lójú kan, kí ni olóúnjẹ yọ kúrò? Ṣé ẹyin ni, àbí ẹran? Á tún béèrè bóyá àwọn ọmọ tó pọ̀ sí i ní ilé ìwé yìí jẹ́ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé tẹ́lẹ̀, àbí wọ́n kàn kúrò ní ilé ìwé mìíràn ni. Ẹni tó lè dáhùn èyí àkọ́kọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ ni obìnrin tó ń ta ẹ̀wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni TraderMoni ti 2018. Náírà 10,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá ọlọ́jà, láìsí onídùúró. Bó bá san án, á tún lè gba 15,000. A rántí bí àwọn èèyàn ṣe tò. Iye ẹni tó gbà á la ń gbọ́ lórí rédíò. Ìbéèrè tiwa ni pé, ẹni tó gba 10,000 náà, kí ni òwò rẹ̀ dà lẹ́yìn ọdún kan?

Nípa ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń béèrè bí wọ́n ṣe lè gba ìwé ẹ̀rí yìí, nítorí pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀nà pọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní International Centre for Educational Evaluation, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìgbéléwọ̀n dé ipele gíga. Ní òkè òkun, ètò IPDET wà, tí Báńkì Àgbáyé àti Yunifásítì Carleton dá sílẹ̀ ní Kánádà ní 2001, tó ti kó lọ sí ìlú Bern, ní Switzerland, láti 2018. Ẹgbẹ́ àwọn onígbéléwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà náà ti wà láti 1999. Fún ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, MIT ti Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ láti 2017. Ọ̀fẹ́ lo lè fi ka á, ìdánwò rẹ̀ lo máa sanwó fún.

Ti àwọn ará Kánádà wú wa lórí jù. Láti 2009 ni ẹgbẹ́ onígbéléwọ̀n wọn ti ń fúnni ní oyè. Wọn kì í ṣe ìdánwò fún ọ. Ìwọ ni wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo ti ṣe rèé, ibi tí mo ti kọ́ ọ rèé, ó kéré tán iṣẹ́ ọdún méjì, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó o bá gbà á tán, wàá ṣì máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni bí èèyàn ṣe mọ bá ènìyàn lò, àti bí èèyàn ṣe lè wo ara rẹ̀ kó sì sọ àṣìṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni olùkọ́, iṣẹ́ wo ló sì ti ṣe rí? Ṣé a ó jáde lọ ṣe ìwádìí, àbí inú kíláàsì la ó jókòó sí? Ṣé ẹnì kan á yẹ iṣẹ́ wa wò kó sọ ibi tó kù sí? Bí wọ́n bá ní ọjọ́ méjì péré ni, pé kí o san owó kí o gba ìwé, ìwé lásán lo máa rà. Àwọn tiwa kò fún wa ní ìwé títí a fi ṣe iṣẹ́ àṣewò kan. Wọ́n ní kí oníkálukú lọ gbé ètò kan ní àdúgbò rẹ̀ lé ìwọ̀n. Àwa mú lóònù ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí a rí nílé

Ibi tí a ní kí ẹ máa bínú sí wa nìyí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwa fúnra wa la ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Gbogbo ẹni tí a bi ló ní lóònù dára, Ọlọ́run á fi kún ẹgbẹ́. A kó o lọ sí Ìbàdàn, inú wa ń dùn. Olùkọ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó máa yáwó sílẹ̀?" A ní àwa ni. Ó ní, "Ta ló wá ń béèrè bóyá lóònù dára?" A dákẹ́. Gbogbo wa mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ kò pé. Àwa gan-an ni kọ́ńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí.

A tún un bẹ̀rẹ̀. A wá àwọn ọmọbìnrin kan tó ń kàwé, tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọjà. A ní kí wọ́n má kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lọ bá àwọn tó ti yáwó rí, àwọn tí kò yá rí, àti àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwa méjì jókòó sílé. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó sọ kí ni, a kò sì fẹ́ mọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu síta. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni pé, lára àwọn tó san owó wa pé láìpẹ́ ọjọ́, àwọn kan lọ yá gbọ́mú-lé-lántà láti fi san án. Gbèsè tiwa tó mọ́ nínú ìwé, ọrùn wọn ló kó sí níta. Ẹ̀rí tí a ń gbé kiri pé ẹgbẹ́ wa dára, òun náà ni ọgbẹ́ inú àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Kí ló fà á? A fi ti àwọn tó ń ta èlùbọ́ ṣe àlàyé, nítorí òun ló hàn jù. Ká ní ìyá kan yá náírà 200,000 ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú kí gbodo gbẹ dáadáa, kó rà á sílẹ̀, kó dúró de ìgbà òjò tí owó rẹ̀ máa lọ sókè. Ọgbọ́n òwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin wa ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í san 20,000 lóṣooṣù pẹ̀lú èlé. Oṣù Èrèlé dé, gbodo ṣì wà nínú àpò. Ọ̀nà méjì ló kù fún un. Kó tà á ní ọ̀pọ̀, kó pàdánù èrè tó torí rẹ̀ yáwó, tàbí kó lọ yá owó èlé gọbọi. Ẹni tó ń ta ata, tó ń rówó lójoojúmọ́, òfin yẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń ra ọjà pamọ́, òfin yẹn ń fún un lọ́rùn. Òfin kan náà ni, ọrùn ló yàtọ̀. Nínú gbogbo ọdún tí a fi ń ṣe ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó béèrè.

Èkejì rèé, òun ló sì dùn wá jù. Àwọn tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ sọ pé kì í ṣe owó ló lé àwọn, ìtìjú ni. Wọ́n ní bí owó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ á wá dúró sí ìsọ̀ àwọn lójú oníbàárà, wọn á máa pariwo. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká má fi ara pa mọ́. Àwa méjì tó dúró níwájú yín yìí wà lára àwọn tó ń lọ dúró. A rò pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ là ń ṣe. Ọ̀kan nínú wa kò lè ka ìwé náà dé ìparí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dá a dé ilẹ̀, ó bú sẹ́kún.

A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. A ronú bóyá kí a fi apá kan pa mọ́ kí ẹgbẹ́ má baà tẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ni gan-an nìyẹn, pé ẹni tó bá fi òtítọ́ pamọ́ nítorí ọ̀rẹ́ ti ba ìwọ̀n jẹ́. Wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n ní ó yè kooro, wọ́n sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Inú wa kò dùn bí a ti rò pé yóò dùn.

Kí a má ṣe gbàgbé rere tó wà níbẹ̀. Àwọn kan sọ fún àwọn ọmọ náà pé bí kì í bá ṣe lóònù ẹgbẹ́, àwọn ìbá ti kó ìsọ̀ kúrò. Àwọn kan ní owó tí àwọn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa ṣe àwọn láǹfààní ju èyí tí àwọn yá lọ. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Láyé àwọn ìyá wa, èésú ni wọ́n ń dá, wọ́n ń fi owó pamọ́ kí wọ́n tó máa wá owó yá. Ó dà bíi pé wọ́n mọ ohun kan.

Ohun tí ẹgbẹ́ ti pinnu, àti ẹ̀bẹ̀ wa

A gbé àbájáde náà síwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn kan ní a ti ta ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Alága wa gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, bí kòkòrò bá wà nínú gbodo, ẹni tó fi hàn wá kọ́ ló fi í síbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìpinnu mẹ́ta la ti jọ ṣe. Ẹni tó bá yáwó láti ra ọjà pamọ́ yóò ní oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Kò sí aláṣẹ tí yóò tún lọ dúró sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pẹ́, ilé ni a ó ti bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú onídùúró rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ó lọ bẹ̀ wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ padà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Ṣé àwọn ìpinnu yìí á ṣiṣẹ́? A kò tíì mọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé a mọ̀. Ó lè jẹ́ pé oṣù mẹ́ta yẹn á mú kí àwọn kan fi owó ṣòfò. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé, bí ọdún bá yí po, kí a tún un gbé lé ìwọ̀n. Kí ó má sì jẹ́ àwa méjì ni yóò wọ̀n ọ́n, torí ọwọ́ wa ti wà nínú rẹ̀. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ obìnrin méjì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwọn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, tí wọn kò ní bẹ̀rù láti sọ fún wa bí a bá tún ṣìnà. Owó tó máa ná wa, ẹ kà á mọ́ owó tí ẹ fi ra ìwọ̀n sí ìsọ̀ yín.

Ẹ̀bẹ̀ wa tó kẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó wà níbí tó lọ yá gbọ́mú-lé-lántà láti fi san owó wa. A kò mọ̀ ọ́, a kò sì ní wá ọ. Ṣùgbọ́n a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ lójú gbogbo ayé, níbi tí a ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Bí gbèsè yẹn bá ṣì wà lọ́rùn rẹ, wá rí Ìyálọ́jà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹgbẹ́ ti ya nǹkan díẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìwé ẹ̀rí wa méjèèjì rèé, a gbé wọn lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi kọ́ ògiri ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ọ̀ọ́dítọ̀ fún wa, kí ẹni tó bá wọlé lè máa rí méjèèjì pọ̀.

Ọlọ́run á bá wa tún ọjà wa ṣe. Ajé á wọ ìsọ̀ oníkálukú wa. A ò ní fi owó wá ẹkún. Ẹdẹ á máa gòkè.